Àbùlẹ̀ Ọkọ̀ Fábíyì

Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n gbé àbùlẹ̀ náà wá sí kọmisáríà ọlọ́pàá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Apẹja kan ló bá a nínú koríko, nísàlẹ̀ ibi tí omi gbé pa Fábíyì. Ó fẹ̀ tó awẹ́ igbá ńlá. Ojú kan rẹ̀ búlúù, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Ojú kejì funfun, ó mọ́ tónítóní.

Kọmisẹ́ẹ̀ Armand, ọ̀gá àgbà wọn níbẹ̀, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ó parí,” ló wí. “Ẹ̀rí tí à ń wá nìyí. Mùnírù tó dí ọkọ̀ náà ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, iṣẹ́ náà sì pa èèyàn. Lọ́la ní aago mẹ́wàá, a óò gbé e lọ bá adájọ́ ní Pobè.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèkẹ́mi gbé àbùlẹ̀ náà lé orí tábìlì, ó fi ìka kàn án: kó, kó, kó. Ó dà á dojú dé, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí dé etí.

“Ọ̀gá, bí èèyàn bá lẹ aṣọ mọ́ aṣọ, tó wá fà á ya tipátipá, kí ló máa ń kù lára rẹ̀?”

“Òwú.”

“Òwú dà níbí?”

Kọmisẹ́ẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Kò ya,” ni Oyèkẹ́mi wí. “Ṣe ló ṣí, bí èèpo iṣu tó jinná. Résìnì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì gan bí òkúta, kò sí yẹpẹrẹ nínú ìyẹn. Ẹ fún mi di aago mẹ́wàá ọ̀la.”

Ẹ lè máa bi mí pé kí lèmi wá ṣe níbẹ̀. Ràṣídì lorúkọ mi. Zẹ́mì akérò ni mò ń wà, alùpùpù mi sì ni Oyèkẹ́mi ń gùn bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí oko, nítorí mọ́tò kọmisáríà ti dákú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò jí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn ń ro mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá pọ̀ jù fún, kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Gbogbo Adja-Ouèrè ló mọ ọkọ̀ tí mò ń wí yìí. Ọkọ̀ fíbà ni, kì í ṣe onípákó: aṣọ onígíláàsì ni wọ́n fi résìnì lẹ̀ mọ́ ara wọn títí ó fi le. Àwọn kan tó ń pín oògùn ló gbé e wá nígbà kan. Nígbà tí iṣẹ́ wọn tán, wọ́n fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní Tatonnonkon, ikùn rẹ̀ là, ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Fábíyì ló ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí odò bá kún lásìkò òjò, àwọn tó wà lódì kejì kì í rọ́nà gbé ẹ̀gẹ́ wọn jáde, aboyún wọn kì í rọ́nà dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Ó lọ pe Mùnírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kọ́ iṣẹ́ fíbà létí ọ̀sà ní Kútọnu. Wọ́n jọ dí ojú ibi tó là, wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n tì í sómi lọ́jọ́rú kan.

Lọ́jọ́rú kejì, Fábíyì nìkan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ méje, láàárín odò, nígbà tí ikùn ọkọ̀ náà ṣí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Mo mọ ọmọ náà, ó máa ń pè mí ní bàbá, ikú rẹ̀ sì dùn mí wọ egungun. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé Mùnírù sí àhámọ́, mo ní ó tọ́ sí i. Mo sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ má gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

*

Bàrákátù, ìyàwó Mùnírù, jókòó lẹ́nu ọ̀nà kọmisáríà, ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan. Ọjọ́ kẹta rèé tí abọ́ náà ń wọlé, tó sì ń jáde bó ṣe wọlé.

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹun,” ló wí fún Oyèkẹ́mi. “Àwọn ará Tatonnonkon ní bí ẹ bá dá a sílẹ̀, àwọn fúnra àwọn á gbé e sọ sínú odò kan náà. Mo gbọ́, ó bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹun yìí ló ń pa mí.”

A bá Mùnírù lórí ẹní, ó kẹ́sẹ̀ jọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní àpá résìnì funfun káàkiri. Kò kí wa.

“Ọ̀gá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ọwọ́ mi ló pa á?”

“Èmi ni mo wá bi ìbéèrè,” ni Oyèkẹ́mi wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. “Sọ iṣẹ́ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.”

“Lọ́jọ́bọ̀, mo dojú ọkọ̀ dé, mo fi sáńpépà ha gbogbo àyíká ibi tó là títí ara rẹ̀ fi họ. Résìnì kì í di ara tó bá ń dán mú, àfi ara tó bá họ. Ìta nìkan ni mo lè ti ṣe é, pákó ìjókòó bo inú. Mo fi ẹsáǹsì, epo bẹntiróòlù, nù ún títí ó fi mọ́. Ìgbà tí mo wá ṣí ike oògùn tó ń mú résìnì gan, ó ti bàjẹ́.”

“O wá ṣe báwo?”

“Mo fi aṣọ bo ibẹ̀ kí eruku má bà á. Ní Jímọ̀, mo lọ sí Àjàṣẹ́ lọ wá òmíràn. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni mo ṣí aṣọ, mo lẹ̀ ẹ́ ní ìpele mẹ́rin. Ó gan dáadáa. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Fábíyì kùn ún. Ó ń kọrin.”

Oyèkẹ́mi sún mọ́ ọn.

“Ní Àbámẹ́ta, kí o tó lẹ̀ ẹ́, ǹjẹ́ o tún fi ẹsáǹsì nù ún?”

“Mo ti nù ún lọ́jọ́bọ̀.”

“Mo gbọ́ tọjọ́bọ̀. Àbámẹ́ta ni mo bi ọ́.”

Mùnírù wo àpá résìnì ọwọ́ rẹ̀.

“Rárá. Ẹnu ni mo fi fẹ́ eruku rẹ̀. Mo ti fi aṣọ bò ó, mo rò pé ó tó.”

“Ta ló ń yí ibẹ̀ ká ní Jímọ̀ tí o kò sí?”

“N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Igbẹ́kọ̀yí kò fẹ́ràn wa. Òun ló ń fi ọkọ̀ onígi tu àwọn èèyàn kọjá tẹ́lẹ̀ bí odò kò bá kún jù. Ó sọ lójú Fábíyì pé ẹni tó bá gba odò mọ́ òun lọ́wọ́, odò náà ni yóò gbà á.”

Oyèkẹ́mi yí ojú sí mi. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

*

Ọ̀nà Tatonnonkon lásìkò òjò, kí Ọlọ́run má fi í dán ọ̀tá ẹni wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, a ṣubú. Ọwọ́ mi bó. Oyèkẹ́mi dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Sọ̀fíyátù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Sọ̀fíyátù lorúkọ àkọ́bí mi.

Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà padà sábẹ́ máńgòrò, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ojú ibi tí àbùlẹ̀ ti kúrò funfun láúláú láàárín búlúù, ibi tó là sì gba àárín rẹ̀ kọjá, ó gùn tó apá mi. Oyèkẹ́mi bọ́ bàtà rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn níbikíbi tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀. Ó ní bàtà kì í gbọ́ nǹkan.

Ó kọ́kọ́ wá ojú ọ̀bẹ létí ibi tí àbùlẹ̀ náà wà, ojú àdá, ojú irin. Kò rí ọ̀kan. Ó gun orí ikùn ọkọ̀ náà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójijì ni ibì kan yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró.

“Ẹ fún mi lómi.”

Mo mú ike omi tí mo fẹ́ mu, mo fà á lé e lọ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó da díẹ̀ sí ibi tí iyanrìn etí odò ti ha ọ̀dà ọkọ̀ náà kúrò nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀. Omi náà tàn, ó rin ibẹ̀. Ó wá da ìyókù sí ojú ibi tí àbùlẹ̀ ti ṣí.

Omi náà ká jọ, ó di wóró wóró, ó sì yí dànù bí omi orí ewé kókò.

“Ọ̀rá wà níbẹ̀!” ni mo kígbe. “Epo ẹ́ńjìnnì!”

“Ẹ́ńjìnnì dà? Ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ yìí.”

“Epo pupa nígbà náà.”

“Epo pupa á hàn gbangba lórí funfun. Mùnírù ì bá ti rí i ní àárọ̀ Àbámẹ́ta kó tó lẹ nǹkan kan.” Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná ha ibẹ̀, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. “Omi ti gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ẹnìkan ṣí aṣọ yẹn ní Jímọ̀, Bàbá Sọ̀fíyátù. Ó fi ọ̀rá tí kò ní àwọ̀ pa ibẹ̀, ó sì dá aṣọ padà bó ṣe wà. Yálà ẹni náà gbọ́n púpọ̀, tàbí kò mọ̀ rárá pé òun ń ṣe nǹkan búburú.”

Èmi ti mú ti àkọ́kọ́. Nínú ọkàn mi, mo ti de Igbẹ́kọ̀yí lókùn tọwọ́ tẹsẹ̀.

*

A bá a ní Massè, lórí ọ̀pẹ. Ó dá ẹmu tán, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tú igbà kúrò nídìí, ó jókòó. Àgbàlagbà ni, ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ le koko.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́,” ni Oyèkẹ́mi wí. “Níbo lẹ wà ní Jímọ̀ tí Mùnírù lọ sí Àjàṣẹ́?”

“Mo wà ní Tatonnonkon, nídìí ọkọ̀ yẹn.”

Kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Ó yà mí lẹ́nu.

“Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?”

“Mo mú àdá lọ. Mo fẹ́ ṣá ikùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má womi láé.”

“Kí ló dé tí ẹ ò ṣá a?”

“Mo bá ẹnìkan níbẹ̀.”

“Ta ni?”

Ó gbé agbè ẹmu rẹ̀, ó fi ewé dí i lẹ́nu.

“Mo bo ojú mi, mo gbé àdá mi, mo padà sílé. Ohun tí mo rí, kì í ṣe ohun ẹnu.”

“Bàbá, bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, mo lè mú yín lọ.”

“Mú mi lọ, ọmọ mi. Ẹmu mi nìkan ni yóò kan.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin lẹ gégùn-ún fún ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ náà ti kú, ẹ wá jókòó tẹ́ ẹ ń dí agbè!”

Ó wò mí. Mo rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe ẹmu ló pọ́n ọn.

“Ràṣídì,” ló wí, “ìgbà tí omi gbé e, ta lo rò pé ó mòòkùn wọ odò tó wá a títí ó fi rí i?”

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé òun ni.

A gun alùpùpù padà. Oyèkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

“Ọkùnrin tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àdá, kí ló tún kù tó ń bò? Kò bo ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bò. Kí ni àgbàlagbà rí tó fi bo ojú, tó sì gbé ìbínú rẹ̀ padà sílé? Bó bá jẹ́ olè ló rí, á pariwo. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́, á bá a bà á jẹ́.”

“Kí ló wá rí?”

“Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Àdúrà nìkan ni a kì í ròyìn fún èèyàn, bí kì í bá ṣe tiwa.”

Mo ronú sí i.

“Ta ni yóò kúnlẹ̀ gbàdúrà nídìí ọkọ̀ Fábíyì?” ni mo bi í.

Ó ní kí n yí alùpùpù padà sí Tatonnonkon. N kò bi í mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

*

Àgbékẹ́ lorúkọ ìyá Fábíyì. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Oyèkẹ́mi bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀yìn máa ro mí tó.

“Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú rẹ̀.”

“Kí ni mo tún ní tí n ó fi rí irú rẹ̀?” ni ìyá náà wí. Kò sunkún. “Etí omi ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń sin ẹni tí omi bá gbé. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibẹ̀. Ìyá kì í mọ sàréè ọmọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rìn létí omi báyìí, mi ò mọ ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ lé, kí n má baà tẹ̀ ẹ́.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo fi ọwọ́ nù ún, ìgbà náà ló rí ọwọ́ mi tó bó.

“Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

“Ọ̀nà ni, Màmá. A ṣubú.”

Ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó wọlé, ó gbé igbá kékeré kan jáde. Òrí wà nínú rẹ̀, funfun bí ẹ̀kọ. Ó mú ọwọ́ mi, ó ń fi òrí pa á jẹ́jẹ́, ó ń mú un wọ inú ibi tó là.

“Òrí lògùn ohun tó bá là,” ló ń wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Àtẹ́lẹsẹ̀ Fábíyì máa ń là ní ẹ̀ẹ̀rùn, òrí ni. Ìgbà tó ṣubú lórí ọ̀pẹ, apá rẹ̀ yẹ̀, òrí ni. Kò sí ibi tó là lára ọmọ yẹn tí n kò fi ọwọ́ mi pa.”

Mo gbọ́ tí Oyèkẹ́mi mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmá, ǹjẹ́ ẹ fi pa ọkọ̀ náà?”

Ojú ìyá náà tàn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé.

“Báwo ni n kò ṣe ní fi pa á? Ní Jímọ̀ tí Mùnírù lọ sí Àjàṣẹ́. Mo ṣí aṣọ tó fi bò ó, mo rí i bó ṣe là gbàgà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ mi kiri. Mo kúnlẹ̀, mo fi òrí pa á yíká, mo fi sínú ibi tó là. Mo ní, gbé e lọ, gbé e bọ̀. Oòrùn mú, ó yọ́, ó wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin, kò ku nǹkan kan lójú. Mo dá aṣọ rẹ̀ padà.” Ó wo ojú Oyèkẹ́mi. “Kí ló dé, ọmọ mi? Àbí òrí náà kò tó ni?”

Yéè. Mo wo ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà là kó gbé mi mì.

“Ó tó, Màmá,” ni Oyèkẹ́mi wí. “Ó tó dáadáa.”

Ó dìde, ó rìn lọ sídìí alùpùpù, ó gùn ún, kò wẹ̀yìn. A ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ lásán ló wà.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Mùnírù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sọ ọ́ fún un láìbù kan kù. Mùnírù gbọ́ ọ tán, ó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ìyá mọ̀?” ló bèèrè níkẹyìn.

“Kò mọ̀.”

“Kó má mọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni.”

“Mùnírù.”

“Kì í ṣe irọ́, Ọ̀gá. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kútọnu ń sọ ọ́ sí mi létí lójoojúmọ́: aṣọ ẹsáǹsì ni kó kàn án kẹ́yìn kí résìnì tó kàn án. Ì bá ṣe pé mo nù ún ní àárọ̀ yẹn, òrí náà ì bá kúrò, ọ̀rẹ́ mi ì bá wà láyé. Mo bi yín bóyá ọwọ́ mi ló pa á. Mo ti rí ìdáhùn.”

“O ní ìyàwó tó jókòó síta.”

“Mo ní ìyàwó. Ìyá ní ta?”

Inú bí mi sí gbogbo wọn: Mùnírù, Igbẹ́kọ̀yí, àti gbogbo àwọn tó ń fi ara wọn bo ara wọn yìí. Inú bí mi sí èmi náà tó ní ó tọ́ sí i. Nígbà tí mo ń lọ sílé, Oyèkẹ́mi ṣì jókòó, bébà wà níwájú rẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan.

*

Lọ́jọ́ Ajé, kò tíì tó aago mẹ́jọ tí mo dé kọmisáríà. Kọmisẹ́ẹ̀ Armand dúró ti tábìlì, ó ń wo aago. Bébà Oyèkẹ́mi ṣì funfun.

“Ìnsípẹ́kítọ̀, orúkọ ta ni kí n gbé lọ sí Pobè?”

Kó tó dáhùn, Ìyá Àgbékẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Tatonnonkon. Ó mú bàtà Oyèkẹ́mi lọ́wọ́ kan, ó di nǹkan sínú gèlè lọ́wọ́ kejì.

“Bàtà rẹ rèé,” ló wí. “Lẹ́yìn tí ẹ lọ lánàá, mo jókòó tì í. Mo ní, obìnrin tó gbọ́n tó báyìí, kí ló rí tó fi gbàgbé bàtà? Mo wá rántí pé ibi tí mo ti dárúkọ òrí ni ojú rẹ̀ ti yí padà.”

“Màmá, ẹ jókòó ná—”

“Jẹ́ kí n dúró.” Ó tú gèlè náà. Awẹ́ igbá méjì ló wà níbẹ̀, amọ̀ gbígbẹ wà nínú méjèèjì. “Èmi fúnra mi ni mo ń rẹ́ ògiri ilé mi, mo mọ amọ̀. Mo ha inú igbá méjèèjì yìí bákan náà. Mo fi òrí pa ọ̀kan, mo rẹ́ amọ̀ sí méjèèjì, mo gbé wọn sítòsí iná títí wọ́n fi gbẹ. Èyí rèé tí n kò fi òrí pa.”

Ó dà á dojú dé, ó fi ọwọ́ lù ú, ó tún un lù. Amọ̀ náà kò mì.

Ó mú èkejì. Ó dà á dojú dé. Kò tiẹ̀ lù ú. Amọ̀ náà já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì lódindi, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán.

Mo gbọ́ ohùn ewúrẹ́ kan níta.

“Ẹ dá ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀,” ni Ìyá Àgbékẹ́ wí. “Mo ti pa tèmi.”

Kọmisẹ́ẹ̀ Armand, ọkùnrin tí n kò rí kó kọ ẹ̀yìn sí èèyàn rí, yí padà sójú fèrèsé. Oyèkẹ́mi mú ìyá náà mọ́ra. Nígbà náà ló sunkún, ìyá náà. Mi ò ní sọ bí ẹkún náà ṣe rí.

Oyèkẹ́mi sọ ti ẹsáǹsì fún un kí wọ́n tó mú Mùnírù jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ìyá, èmi ni mi ò nù ún. Èmi ni.”

“Mo gbọ́. Obìnrin ọlọ́pàá ti sọ fún mi. Àwa méjèèjì ni, ọmọ mi. Dìde.”

Oyèkẹ́mi wá kọ bébà rẹ̀. Ìjàm̀bá ló kọ, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, òrí àti ẹsáǹsì. Kọmisẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé fóònù pe Pobè. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú.

Ìyá Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀ ló di Mùnírù lọ́rùn ọwọ́ mú wọ Tatonnonkon lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó ní àwọn yóò gbé e sọ sódò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

*

Òjò ò tíì tán, odò ṣì kún, àwọn tó wà lódì kejì ṣì ń dúró. Ìyá náà ló ní kí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe. Mùnírù kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun ò lè fọwọ́ kan án mọ́. Ìyá ní, “Orí ọkọ̀ yìí ni ọmọ mi kú sí, mi ò fẹ́ kó tún di ilé ewúrẹ́.”

Nítorí náà a pé sábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ karùn-ún. Igbẹ́kọ̀yí wà níbẹ̀, ó di ìdí ọkọ̀ náà mú kó má mì. Mùnírù fi sáńpépà ha á títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó na ọwọ́ sí aṣọ ẹsáǹsì, ìyá náà ti mú un.

Ó nù ún. Ó nù ún yíká, ó ki aṣọ bọ inú ibi tó là, ó nù ún jáde. Ó ju aṣọ yẹn nù, ó mú òmíràn.

“Ó ti mọ́, Ìyá,” ni Mùnírù wí.

“Mo rí i.” Ó tún ń nù ún.

Oyèkẹ́mi bu omi, ó dà á síbẹ̀. Omi náà tàn, ó rin ibẹ̀, kò ká jọ. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ, ìyá náà tún nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, Mùnírù sì po résìnì.

Èmi wo ọwọ́ ìyá náà. Ẹsáǹsì ti jẹ ẹ́, ó họ, àtẹ́wọ́ rẹ̀ là sí méjì sí mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Mo sáré wọ ilé rẹ̀, mo gbé igbá òrí jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín wá.”

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọdé. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ náà, níbi tí Mùnírù ti ń tẹ́ aṣọ gíláàsì àkọ́kọ́.

“Gbé e jìnnà sí ibí, Ràṣídì,” ló wí. “Kó gan ná.”